Ta ló tì í? Àlàyé lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, defenestration

Iṣẹ́ tó ń bọ́ mi ni kí n máa sọ ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì di Yorùbá kí wọ́n tó kà á lórí rédíò. Lálẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ìròyìn aago méje bẹ̀rẹ̀, bébà kan wọlé nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè. Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín rẹ̀ tí n kò fojú kàn rí: defenestration. Mo nà án sí àbúrò tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Ó wò ó fìrí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ò le o. Igbó ni wọ́n ń gé." Deforestation ló kà á sí. Mo tún gbólóhùn náà kà. Kò sí igbó níbẹ̀, kò sí igi, kódà kò sí ewéko. Ilé alájà púpọ̀ ló wà níbẹ̀, àti òkú ọkùnrin kan lórí sìmẹ́ńtì nísàlẹ̀. Díẹ̀ báyìí ló kù ká kéde fún gbogbo ìlú pé gígé tí wọ́n gé igbó ló pa ọkùnrin kan.

Díkíṣọ́nárì ló kó wa yọ. Mo kọ ọ́ pé, "wọ́n ju ọkùnrin kan sísàlẹ̀ láti ojú fèrèsé," a sáré gbé e fún ẹni tó máa kà á, ó sì kà á. Ọkàn mi balẹ̀.

Ìgbà tí mo jókòó tì í lẹ́yìn ìròyìn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé, kí ló gbé irú ọ̀rọ̀ báyìí wọnú Gẹ̀ẹ́sì? Bí wọ́n bá ti èèyàn sí kànga, Gẹ̀ẹ́sì á tò ó bí àwa náà ṣe máa tò ó: ta ló tì, ta ni wọ́n tì, kànga wo. Bó jẹ́ orí òrùlé ni wọ́n ti tì í, tàbí orí afárá, bákan náà. Ṣùgbọ́n bó bá ti jẹ́ ojú fèrèsé báyìí, odindi ọ̀rọ̀ kan ti wà nílẹ̀ tó ń dúró dè é. Bí ẹ bá dé ilé kan tẹ́ ẹ rí i pé wọ́n ti sọ ìjàǹbá kan lórúkọ, ẹ ti mọ̀ pé irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nílé ọ̀hún rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ọ̀rọ̀ náà gùn, àmọ́ kò le. Bí wọ́n ṣe ń pè é ni dì-fẹ̀-nẹ̀s-tré-ṣọ̀n, ibi tí ohùn ti gbé sókè jù ni "tré" yẹn. Inú èdè Látìnì ni wọ́n ti ṣa àwọn ègé rẹ̀ jọ. De tó wà níwájú ń sọ nípa ohun tó ń kúrò níbì kan, tàbí tó ń lọ sísàlẹ̀. Ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀: òun náà ló wà níwájú deport, ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tó ní ẹbí ní London tí kò mọ̀ ọ́n. Ation tó wà lẹ́yìn kò ní iṣẹ́ méjì ju pé kó sọ ìṣe di orúkọ, bí àwa náà ṣe ń fi "ì" sọ "fẹ́" di "ìfẹ́". Àárín ni ẹran ọ̀rọ̀ náà wà: fenestra. Fèrèsé ni.

Ẹ pe fenestra jáde lẹ́nu, kí ẹ tún wá pe fèrèsé. Àwọn Potogí, tí ọkọ̀ ojú omi wọn ti ń ná etíkun ìhà ọ̀dọ̀ wa láti ọ̀rúndún karùndínlógún, gé fenestra yìí kúrú títí ó fi di fresta lẹ́nu wọn, wọ́n sì ń lò ó fún àlàfo tóóró tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹ wá fi fresta sí ẹnu Yorùbá, tí kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀ léra láìfi fáwẹ̀lì là wọ́n, kí ẹ gbọ́ ohun tó máa jáde. Pé ọ̀rọ̀ méjì jọra kò tó fi dá wọn lẹ́jọ́ pé ẹbí ni wọ́n, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ n kì í lè gbọ́ ọ̀kan mọ́ kí n má rántí èkejì.

Ọmọ Yorùbá tó bá lọ sílé ìwé ní Kétu tàbí ní Sábẹ̀ẹ́ kò tiẹ̀ nílò àlàyé mi lórí èyí, nítorí Faransé tí wọ́n fi kọ́ ọ níwèé ń pe fèrèsé ní fenêtre. Àwọn ará Ítálì ń pè é ní finestra, àwọn ará Jámánì ní Fenster, àwọn ará Wales, tó jẹ́ pé ààlà ló là wọ́n pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ń pè é ní ffenestr. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló dá dúró láàárín wọn tó ń pè é ní window. Ìtàn window yìí dùn mọ́ mi ju ti ọ̀rọ̀ tá a torí ẹ̀ jókòó lọ, ẹ jẹ́ kí n yà sí i díẹ̀.

Àwọn Viking tó ti ilẹ̀ àríwá wá jagun ní England, tí wọ́n sì wá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, ló mú un wá. Vindauga ni wọ́n ń pè é. Vindr ni afẹ́fẹ́, auga ni ojú. Ojú afẹ́fẹ́! Ilé ìgbà yẹn kò ní gíláàsì; ihò ni wọ́n ń dá sára ilé kí èéfín lè rí ibi jáde, kí atẹ́gùn sì rí ibi wọlé. Ara ilé la ojú. Kí window tó dé, Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ ní tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní eagþyrel, ìyẹn ihò ojú, àti eagduru, ìyẹn ilẹ̀kùn ojú. Ojú, ojú, ojú. Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwa náà ń sọ lójoojúmọ́ láìfiyè sí i: a kì í sọ pé "ó yọrí ní fèrèsé," ojú fèrèsé là ń wí. Kò sẹ́ni tó kọ́ ara wọn. Ẹni tó bá dúró nínú ilé tó ń wo ìta láti inú ihò, ojú ló máa rántí.

Àwọn ará Sípéènì ò ka ojú sí, afẹ́fẹ́ nìkan ni wọ́n mú: ventana tí wọ́n ń pè é, títí dé Cuba, láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì fún afẹ́fẹ́ ló ti wá. Àwọn Potogí tó fi fresta sílẹ̀ fún àlàfo tóóró ń pe fèrèsé gan-an ní janela, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Brazil, ìtumọ̀ rẹ̀ látilẹ̀ sì ni ilẹ̀kùn kékeré. Ilẹ̀kùn kékeré. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí inú ìtàn tó ń bọ̀ yìí, ọ̀nà àbájáde ni wọ́n fi fèrèsé ṣe.

Kí n tó débẹ̀, ó ku ọ̀kan. Nígbà tí àwọn Norman tó ti ilẹ̀ Faransé wá ṣẹ́gun England ní 1066, èdè Faransé di èdè àwọn ọlọ́lá, fenestra sì gba ẹ̀yìn wọlé gẹ́gẹ́ bíi fenester. Àti òun àti window jọ ń gbé pọ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, bí ìyàwó méjì lábẹ́ òrùlé kan. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ẹsẹ̀ fenester ti ń kúrò ńlẹ̀, window ló gba ilé. Ìyẹn ni pé Gẹ̀ẹ́sì ti lé ọ̀rọ̀ Látìnì fún fèrèsé jáde. Kò tó ọgọ́rùn-ún ọdún tó fi padà wá, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, òkú èèyàn ló gbé dání. Tàbí kí n sọ pé, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ òkú.

Prague ló ti wá, ìlú tó jẹ́ olú ìlú orílẹ̀-èdè Czech lónìí, tó sì jẹ́ olú ìlú ilẹ̀ Bohemia nígbà náà. Ní 1415, wọ́n dáná sun àlùfáà ilẹ̀ náà kan, Jan Hus, ní ìlú Constance, nítorí ó ń bá àwọn olórí ìjọ Àgùdà wí, kò sì gbà láti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ò jẹ́ kó tán síbẹ̀. Lára ohun tí wọ́n ń jà fún ni pé kí ọmọ ìjọ lásán náà máa mu nínú wáìnì oúnjẹ Olúwa, kó yé jẹ́ ti àlùfáà nìkan. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1419, àlùfáà mìíràn, Jan Želivský, kó èrò sẹ́yìn, ó forí lé gbọ̀ngàn ìlú ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Ìlú Tuntun, láti lọ bèèrè kí wọ́n tú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó wà látìmọ́lé sílẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ ìlú kọ̀ jálẹ̀. Ìtàn sọ pé ẹnì kan sọ òkò láti ojú fèrèsé òkè lu àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ohun tó bọ́ láti ojú fèrèsé, ojú fèrèsé náà ni wọ́n gbà dá a padà. Èrò já ilẹ̀kùn, wọ́n gòkè, wọ́n sì ń ju àwọn ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, sórí ọ̀kọ̀ àwọn tó dúró dè wọ́n. Kò pé oṣù kan tí Ọba Wenceslaus Kẹrin fi papò dà, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ tó jà ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Ní 1483 wọ́n tún ṣe é ní ìlú kan náà. N kò ní fi ìyẹn dá wa dúró.

Èyí tó sọ ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ayé ni ti ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 1618. Ìjà ẹ̀sìn náà ni. Olú-ọba Rudolf Kejì ti fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kan ní 1609 pé kí àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ Bohemia máa sìn bó ṣe wù wọ́n. Àmọ́ Ferdinand, ọmọ ìjọ Àgùdà paraku, di ọba ilẹ̀ náà ní 1617, nígbà tó sì fi máa di 1618, wọ́n ti wó ilé ìjọsìn Pùròtẹ́sítáǹtì kan, wọ́n ti ní kí wọ́n ti òmíràn pa. Àwọn ìjòyè Pùròtẹ́sítáǹtì kọ̀wé sí Matthias, olú-ọba tó jẹ lẹ́yìn Rudolf, ní Vienna, láti fẹjọ́ sùn. Èsì tó dé le, ìhalẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Wọ́n wò ó pé kì í ṣe Vienna ni wọ́n ti kọ lẹ́tà náà, pé ó ní láti jẹ́ àwọn tó ń bá ọba ṣàkóso níbí ní Prague ló kọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìjòyè Thurn kó àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì yìí lọ sí ààfin, wọ́n gòkè lọ sí yàrá àwọn akọ̀wé ìjọba. Ẹ má rò ó bíi gbọ̀ngàn ńlá. Yàrá ọ́fíìsì ni, wọ́n sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Mẹ́rin lára àwọn tó ń bá ọba ṣàkóso ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n bi wọ́n léèrè bóyá àwọn ló wà lẹ́yìn lẹ́tà náà. Wọ́n ya méjì sọ́tọ̀ pé ọwọ́ wọn mọ́, wọ́n sìn wọ́n jáde. Ó ku Jaroslav Martinice àti Vilém Slavata. Àwọn méjèèjì kọ́kọ́ rò pé àtìmọ́lé ni wọ́n ń gbé àwọn lọ.

Martinice ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, tòun ti agbádá òkè rẹ̀, orí ló ṣáájú, ó ń pe Jésù àti Màríà. Slavata ò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ó di etí fèrèsé mú. Ara rẹ̀ ti wà lóde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń jàn-án-jàn-án ní òfúrufú, àmọ́ ìka rẹ̀ ò tú. Ẹnì kan fi èkù idà gbá a ní ìka títí ó fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń lọ, ó fi orí gbá òkúta etí fèrèsé tó wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú wọn wá bọ́ sára akọ̀wé kan tó wà níbẹ̀, Philip Fabricius. Kò sí lára àwọn tó ń ṣàkóso, kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ò ju pé ó wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n gbé òun náà jù síta. Èmi tó jẹ́ pé bébà ni mò ń kọ jẹun, àánú ọkùnrin yìí ló ṣe mí jù.

Láti ojú fèrèsé náà dé ìsàlẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 21, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 70. Ẹni kankan ò kú. Àwọn tó wà lókè yọrí wò, wọ́n rí i pé ìsàlẹ̀ ń mira, wọ́n tiẹ̀ tún yìnbọn sí wọn. Ìbọn ò bà wọ́n. Martinice àti Slavata sá lọ sílé ìyáàfin ọlọ́lá kan, Polyxena ti ilé Lobkowicz, ó sì fi wọ́n pa mọ́. Fabricius ní tirẹ̀ ò dúró gba kí-ló-dé, ó kọrí sí Vienna láti lọ sọ fún olú-ọba.

Bí wọ́n ṣe yè é di ìjà mìíràn. Àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ní Màríà Wúńdíá ló nawọ́ gbà wọ́n ní òfúrufú. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní irọ́ ni, ààtàn ni wọ́n já sí, orí ìgbẹ́ tó rọ̀ múlọ́múlọ́. Àwọn òpìtàn tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà ò fi bẹ́ẹ̀ gba ti ìgbẹ́ yìí gbọ́. Wọ́n ní ògiri ààfin náà dagun lápá ìsàlẹ̀, tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n á yọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ wálẹ̀, àti pé ẹ̀wù wọn tó nípọn ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé nínú ìtàn tí àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ, ìgbẹ́ àti Màríà ló kù, ògiri tó dagun ò rí ẹni sọ tirẹ̀.

Olú-ọba wá fi Fabricius jẹ oyè ọlọ́lá. Orúkọ tí wọ́n fún un ni von Hohenfall. Bí a bá ní ká tú u sí Yorùbá, á jẹ́ nǹkan bí "ará Ibi-Ìṣubú-Gíga". Àwọn kan ń fi oko jẹ oyè, àwọn kan ń fi ogun jẹ ẹ́; akọ̀wé yìí fi ibi tí wọ́n ti jù ú sílẹ̀ jẹ tirẹ̀.

Àwọn mẹ́ta yè, àmọ́ àìmọye èèyàn ò yè é. Láti ojú fèrèsé yẹn ni ohun tí wọ́n ń pè ní Ogun Ọgbọ̀n Ọdún ti bẹ̀rẹ̀, tó jà káàkiri àárín gbùngbùn Yúróòpù láti 1618 sí 1648, tí ìyàn àti àjàkálẹ̀ àrùn tẹ̀ lé e, tó sì pa ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn. Àwọn ìjòyè Bohemia fúnra wọn ò rí ibi tó dé. Ní oṣù Kọkànlá 1620, wọ́n ṣẹ́gun wọn lórí Òkè Funfun lẹ́yìn odi Prague, nígbà tó sì di oṣù Kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n pa mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lára àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà ní gbangba ọjà ìlú náà.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ náà ṣe dé London? Nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ lé Ferdinand, ẹni tí wọ́n fi jọba ní 1619 ni Frederick Karùn-ún láti ilẹ̀ Jámánì, ìyàwó rẹ̀ sì ni Elizabeth, ọmọ James Kìíní ọba England. Ọmọ ọba wọn ló di ayaba ní Prague. Ta ni ò ní fetí sílẹ̀? Ìròyìn ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀, ó sì di dandan kí wọ́n wá orúkọ kan fún ohun tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ò ní irú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń fi Látìnì kọ̀wé ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún lẹ́yìn wọn ló dì í pọ̀, nígbà tó sì di nǹkan bí ọdún 1620, ó ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ṣàkíyèsí pé orúkọ ló kọ́kọ́ wọlé. Ìgbà tó pẹ́ gan-an lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gé ìdí rẹ̀ láti fi í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣe, defenestrate.

Ẹni tó bá ń ka Bíbélì máa sọ pé ọ̀rọ̀ yìí dàgbà ju Prague lọ. Òótọ́ ni pé ìṣe náà dàgbà jù ú lọ. Jésébẹ́lì lé tìróò, ó ṣe orí lọ́ṣọ̀ọ́, ó yọjú lójú fèrèsé, Jéhù sì ké sí àwọn ìwẹ̀fà pé kí wọ́n jù ú sílẹ̀, wọ́n sì jù ú. Kò sí èyí tó pé jùyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tó sùn lọ lójú fèrèsé ní Tíróásì nígbà tí ìwàásù Pọ́ọ̀lù gùn jù, tó sì já láti àjà kẹta, ìyẹn ò sí níbẹ̀: oorun ló gbé e ṣubú, kò sẹ́ni tó tì í. Àwọn amí tí Ráhábù fi okùn sọ̀ kalẹ̀ ní Jẹ́ríkò náà gba ojú fèrèsé jáde, àmọ́ ńṣe ló gbà wọ́n là. Kí a tó lè lo defenestration, ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan wà nínú ilé tí kò fẹ́ jáde, ẹlòmíràn sì fi agbára gbé e gba ojú fèrèsé. Bí ẹni tí wọ́n jù bá yè, ọ̀rọ̀ náà ṣì tọ̀nà. Bó bá ti kú kí wọ́n tó jù ú, wọ́n ṣì ń lò ó: ní Lisbon ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1640, ọjọ́ tí àwọn Potogí gba ara wọn lọ́wọ́ ọba Sípéènì, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ti fa Miguel de Vasconcelos tó ń bá ọba náà ṣàkóso jáde, wọ́n yìnbọn fún un, wọ́n sì gbé e jù síta láti ojú fèrèsé ààfin.

Lóde òní, ọwọ́ yẹpẹrẹ ni wọ́n fi ń mú un. Bí ẹgbẹ́ òṣèlú kan bá yọ olórí wọn nípò lójijì, oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì á ní wọ́n ti defenestrate rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ló gbà jáde tó sì wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí kò fẹ́ràn Windows máa ń fi ṣe àwàdà nígbà tí wọ́n bá pa á rẹ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà wọn. Fenestra tí kò ní de níwájú ò pa ẹnikẹ́ni lára: àwọn ayàwòrán-ilé ń pe bí wọ́n ṣe to fèrèsé sára ilé ní fenestration, àwọn dókítà sì ní fenestra kan nínú etí kálukú wa, ihò tíńtín tí eegun etí tó kéré jù lọ gbé ẹsẹ̀ lé.

Ibi tó ti ń dùn mí wá nìyí. Ẹ tún ọ̀rọ̀ náà tú. Kúrò, fèrèsé, ìṣe. Níbo ni ẹni tó ń ju èèyàn wà? Kò sí níbẹ̀. Ìlò ọ̀rọ̀ náà ń béèrè ọwọ́ tó tì, àmọ́ inú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ kò sí ọwọ́ kankan. Ẹ lè kọ ìwé odindi kan nípa defenestration láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Jámánì tiẹ̀ tún rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: Fenstersturz ni wọ́n ń pè é, ìṣubú ojú fèrèsé, bí ẹni pé èèyàn kàn yọ̀ ni. Yorùbá ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá fẹ́ sọ ọ́ fún olùgbọ́ mi, mo gbọ́dọ̀ ní ẹni kan níwájú gbólóhùn: Jéhù ní kí wọ́n jù ú, Thurn àti àwọn èèyàn rẹ̀ jù ú. Bí n kò bá mọ orúkọ, mo máa ní "wọ́n". Lóòótọ́, "wọ́n" kò dárúkọ ẹnì kankan, ó sì ti kó ọ̀pọ̀ olè yọ lórílẹ̀-èdè yìí, àmọ́ ó kéré tán, ó jẹ́wọ́ pé èèyàn wà níbẹ̀.

Prague kan náà ló fi èyí hàn mí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 1948, nígbà tí ìjọba Kọ́múníìsì ò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lórí àlééfà, wọ́n bá òkú Jan Masaryk, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, nínú àgbàlá ilé iṣẹ́ rẹ̀, lábẹ́ fèrèsé ilé ìwẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ àwọ̀sùn lọ́rùn. Ìjọba ní ó pa ara rẹ̀ ni. Àwọn aráàlú ò gbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbé e lé àwọn tó ti ń bẹ nínú ìtàn ìlú wọn, wọ́n ń pè é ní defenestration Prague mìíràn. Àwọn ọlọ́pàá ti ṣí ìwé ẹjọ́ náà tí wọ́n sì ti pa á dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó bá pè é ní defenestration ti dá ẹjọ́ tí ilé ẹjọ́ ò tíì dá. Ẹni tó bá pè é ní ìṣubú ti dá a sí ọ̀nà kejì.

Ibi tí mo ka ìyẹn dé ni mo wo aago, mo sì padà sórí bébà aago méje. Oníròyìn tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lo ọ̀rọ̀ náà nítorí ó dùn lẹ́nu. Ní ìsàlẹ̀ bébà, ní ìlà tí mo ti fojú fò nítorí ìkánjú, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ọlọ́pàá ò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi sì ti sọ fún gbogbo ẹni tó ń gbọ́ rédíò pé wọ́n jù ú.

Fún ìròyìn aago mẹ́wàá, mo fa igi sí i, mo kọ ọ́ pé, "wọ́n bá òkú ọkùnrin kan lábẹ́ fèrèsé ilé alájà púpọ̀; àwọn ọlọ́pàá ń wádìí." Àbúrò mi kà á láti èjìká mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i báyìí? Igbó tèmi yẹn, kì bá tí gbé ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹjọ́."